Owó Ìtọ́jú Ara Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti Òfin Owó-orí ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Owó-orí ni Yorùbá ń pe owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú lọ́dọọdún. Orúkọ náà kò ṣàdédé wáyé. Nígbà tí ìjọba àwọn Òyìnbó amúnisìn gbé irú owó bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, orí ni wọ́n ń kà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ mẹ̀kúnnù: ẹni tí ó bá ti tó àgbà ní láti san iye kan, ìbáà rí jẹ, ìbáà má rí jẹ. Ogun Àdùbí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918 kò ṣẹ̀yìn irú owó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó-orí tí òṣìṣẹ́ ń san lóde òní ti kúrò ní owó kíka orí. Ìbéèrè tí ó ń bi ènìyàn ni pé, "Èló ni ó wọlé fún ọ?" Gbólóhùn yìí dàbí ẹni pé ó rọrùn. Ẹni tí ó gba owó oṣù mọ̀ pé owó wọlé. Oníṣòwò tí ó jèrè mọ̀ pé owó wọlé. Bí àìsàn bá wá dá arúgbó kan tí ó ti fẹ̀yìn tì wólẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ tí ó ti bá ṣiṣẹ́ rí sì fi 30,000 dọ́là ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀, ǹjẹ́ owó náà wọlé fún arúgbó yìí bí? Kò fojú kàn án. Kò kà á. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ná an lé lórí, iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ná an. Ìdáhùn tí òfin bá fún ìbéèrè yìí ni yóò sọ bóyá arúgbó náà yóò tún jẹ ìjọba ní gbèsè lẹ́yìn tí ó bá dìde lórí ibùsùn àìsàn.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìtàn gígùn, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a ti wò ó. Ní Nàìjíríà, ìwé òfin ìpilẹ̀ ti ọdún 1999, ní abala 173 àti abala 210, ti sọ pé a kò gbọdọ̀ gba owó-orí lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ìbáà ṣe ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀. Olùkọ́ tí ó fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo lè ráhùn pé owó náà kéré, tàbí pé ó pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n kò ní ráhùn pé wọ́n yọ owó-orí nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n bá ka owó ìfẹ̀yìntì sí ni owó tí ó wọlé, owó-orí ìjọba àpapọ̀ a sì máa tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ibojì. Nítorí náà, ohunkóhun tí agbanisíṣẹ́ bá tún ṣe fún ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú méjì: yálà kí ó jẹ́ owó tí ó wọlé, kí owó-orí sì bá a, tàbí kí òfin dìídì yọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan kọ́ ni èyí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó rin ìrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní bí ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n di nọ́ọ̀sì, olùkọ́, awakọ̀ èrò àti òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní New York, ní Houston àti ní Chicago, ti ń fẹ̀yìn tì báyìí. Ìwé tí ó ń ṣètò ìlera wọn wà lára èyí tí wọ́n ń fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èdè tí wọ́n fi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yé ẹni tí a bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹni tí ó kọ́ ọ nílé ìwé.

Ogun àgbáyé kejì ni ó bí òfin náà. Ní ọdún 1942, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de owó oṣù kí ọjà má baà gbówó lórí jù. Agbanisíṣẹ́ kò lè máa fi owó kún owó òṣìṣẹ́ bí ó ti wù ú mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí ó wá ṣiṣẹ́ ti lọ sójú ogun. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò ka owó adójútòfò tí ó bá mọ níwọ̀n mọ́ owó oṣù. Kíá ni àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò ìlera fa òṣìṣẹ́ mọ́ra. Ní ọdún 1943, àwọn agbowó-orí gbà pé owó tí agbanisíṣẹ́ bá san sínú ètò adójútòfò àjọṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe owó tí ó wọlé fún òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ìwé òfin owó-orí kọ ní ọdún 1954, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ọ́ di abala 106. Abala 105 tí ó ṣáájú rẹ̀ sọ pé owó tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dá padà fún òṣìṣẹ́ nítorí ìtọ́jú ara òun fúnra rẹ̀, ti aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ti àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn, kò ní owó-orí nínú. Agbanisíṣẹ́ ní tirẹ̀ a máa yọ owó náà kúrò nínú èrè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó iṣẹ́ kí ó tó san owó-orí tirẹ̀. Báyìí ni owó kan náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ owó-orí níhà méjèèjì. Ogun parí ní ọdún 1945, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n ogun dá sílẹ̀ kò bá ogun lọ.

Ibi tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè ti fetí sílẹ̀ nìyí. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí abala 106 lò. Ǹjẹ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́? Lójú Yorùbá, èyí kò le. Ọdẹ tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, tí ìbọn rẹ̀ ti ń pata lórí àjà, ọdẹ náà ni wọ́n ń pè é, orúkọ ọdẹ ni wọ́n yóò sì fi sun ìjálá rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kú. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì gan-an, òṣìṣẹ́ ni ó ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó-orí kì í fi ojú àánú túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó di ọdún 1962 kí àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní I.R.S., tó gbé àlàyé òfin kan jáde, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 62-199. Wọ́n gbà nínú rẹ̀ pé ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ti abala 106, nítorí náà owó adójútòfò ìlera tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ń san fún un kò ní owó-orí nínú. Ní ọdún 1982, àlàyé mìíràn fa ọwọ́ àǹfààní náà dé ọ̀dọ̀ opó àti àwọn tí òṣìṣẹ́ tí ó kú ń gbọ́ bùkátà wọn. Àlàyé méjèèjì mọ́gbọ́n dání. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni wọ́n ń san ẹ̀san rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì di àìṣe nítorí pé ẹni tí ó ṣe é ti darúgbó.

Láti ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson ti fọwọ́ sí òfin Medicare, tí í ṣe ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ètò ìlera ilé-iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti di ìkejì sí Medicare: Medicare a kọ́kọ́ san tirẹ̀, ètò ilé-iṣẹ́ a sì dí nínú àlàfo tí ó bá kù. Ṣùgbọ́n Medicare fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá. Apá rẹ̀ tí ó ń sanwó dókítà, tí wọ́n ń pè ní Part B, ní owó tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ń san lóṣooṣù. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan a máa dá owó yìí padà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ìjọba ìlú New York wà lára wọn. Bí ẹ̀rí bá wà pé ẹni náà san owó náà ní tòótọ́, tí agbanisíṣẹ́ sì dá iye náà padà fún un, kò ní owó-orí nínú.

Wàyí o, ẹ wo agbanisíṣẹ́ mìíràn. Òun náà fẹ́ràn àwọn arúgbó rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fi 200 dọ́là kún owó ìfẹ̀yìntì olúkúlùkù lóṣooṣù kí wọ́n lè máa tọ́jú ara wọn, kò sì béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Arúgbó kan ná gbogbo rẹ̀ sórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò fi kọ́bọ̀ ra àkàrà. Síbẹ̀, owó-orí bá 200 dọ́là náà láìku sẹ́ǹtì kan. Ohun tí ó fi owó náà ṣe kò kan òfin. Ohun tí òfin ń wò ni pé ì bá ti fi ra àkàrà bí ó bá wù ú. Kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ọ̀nà tí owó gbà kọjá ni òfin ń ṣọ́. Kò wo bí àìsàn ti pọ̀ tó, kò sì wo bí ẹni tí ó ń gba owó ti tálákà tó.

Àlàyé òfin ti ọdún 1975, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 75-539, ni ó fi èyí hàn kedere jù lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi òṣìṣẹ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Wọn kì í sábà ṣàìsàn, ọjọ́ ìsinmi àìsàn tí wọn kò lò sì ti gbèrú títí owó rẹ̀ fi pé 20,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ìlànà ni pé bí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì, gbogbo owó ọjọ́ tí kò lò yóò lọ sínú owó adójútòfò ìlera rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí àṣàyàn. Níbi iṣẹ́ ẹnìkejì, wọ́n bi í léèrè tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ṣé ẹ óò gba owó náà sọ́wọ́ ni, àbí kí á máa fi san owó ìlera yín?" Ọlọ́gbọ́n ni ẹnìkejì yìí, ó ní kí wọ́n máa fi san owó ìlera. Àwọn méjèèjì wá ní ohun kan náà lọ́wọ́, ìyẹn ìtọ́jú ìlera tí owó rẹ̀ tó 20,000 dọ́là.

Ẹni àkọ́kọ́ kò ní san owó-orí kankan lórí rẹ̀. Ẹnìkejì yóò san án lórí gbogbo 20,000 dọ́là, bí ẹni pé ó ti gbà á sọ́wọ́ tí ó sì kà á. Bí ìpele owó-orí rẹ̀ bá jẹ́ 12 nínú 100, ìjọba àpapọ̀ yóò gba 2,400 dọ́là. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń yọ owó Social Security àti ti Medicare lára owó rẹ̀, 1,530 dọ́là mìíràn tún lọ sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,930 dọ́là. Ìdáhùn rẹ̀ kọ́ ni ó ná an ní iye yìí o. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni.

Bí a bá fara balẹ̀ wò ó, òfin náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú. Ẹni tí a gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, tí ó wá ní kí wọ́n gbé e fún ọmọ òun, òun náà ni a fi oúnjẹ fún. Kò lè sọ pé wọn kò gbé e fún òun. Bákan náà ni owó tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ènìyàn, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ darí sí ibòmíràn, ti wọlé fún un. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ìdí tí ó fi yẹ kí ìnira rẹ̀ bọ́ sórí ẹni tí kò mọ̀wé òfin. Àwọn tí ó kọ ètò náà ni wọ́n fi ìbéèrè sínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni yóò jà títí tí wọn yóò fi gba "ẹ̀tọ́ láti yàn" fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, tí inú gbogbo ènìyàn yóò dùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀tọ́ náà gan-an ni ó ṣílẹ̀kùn fún agbowó-orí.

Ní ọdún 2002, I.R.S. fọwọ́ sí irú àpò owó kan tí agbanisíṣẹ́ nìkan ń fi owó sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ná bí kò ṣe sórí ìtọ́jú ara. H.R.A. ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀. Èyí tí òṣìṣẹ́ kò bá ná tán lọ́dún kan lè wọ inú ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ètò náà sì lè gbà fún un láti máa ná an lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ohun dáradára ni. Ṣùgbọ́n àlàyé òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2005-24 wá ṣe ìkìlọ̀ tí ó le. Bí ètò bá fi àyè sílẹ̀ pé wọ́n lè san ohun tí ó kù nínú àpò náà ní owó, yálà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tàbí fún ẹni tí ó yàn lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbogbo ohun tí ètò náà bá san fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ti di owó tí ó wọlé, títí kan èyí tí wọ́n san nítorí iṣẹ́ abẹ. Bí ìka kan bá kan epo, ó ti ràn mọ́ àwọn yòókù nìyẹn.

Èyí yóò ya ọ̀pọ̀ Yorùbá lẹ́nu. Owó tí bàbá kò ná tán, ogún ni. Àwọn ọmọ yóò jókòó, wọn yóò pín in ní idi-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Owó inú àpò ìlera kì í ṣe ogún. Opó lè fi í tọ́jú ara rẹ̀ bí ètò náà bá gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú òkú lè fi í tọ́jú ara wọn, ṣùgbọ́n àkọ́bí kò lè gbà á kí ó fi kọ́lé. Bí kò bá sí ẹni tí òfin mọ̀ mọ́, ó parí síbẹ̀.

Àwọn wo wá ni òfin mọ̀? Aya tàbí ọkọ ni èkíní. Láti ọdún 2010, òfin tún gba ọmọ tí kò ní tíì pé ọmọ ọdún 27 ní ìparí ọdún, ìbáà ti gbéyàwó, ìbáà ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí òṣìṣẹ́ náà ń gbọ́ bùkátà wọn ní tòótọ́. Òbí lè wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń gbé ní Iléṣà, tí ọmọ rẹ̀ ń fi owó oúnjẹ àti owó oògùn ránṣẹ́ sí láti ogún ọdún wá, kò sí nínú ìṣirò yìí bí kì í bá ṣe ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà, tí kì í sì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Ibi tí ó ń gbé ni ó yọ ọ́ kúrò, kì í ṣe pé ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹbí inú ìwé owó-orí kéré sí ẹbí tí Yorùbá mọ̀.

Títí dé ibí yìí, owó agbanisíṣẹ́ ni a ń wí. Èyí tí arúgbó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ san ńkọ́? Ètò ìlera tí agbanisíṣẹ́ ń dá nìkan gbé ṣọ̀wọ́n. Òṣìṣẹ́ a máa san ìpín tirẹ̀. Nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, abala 125 fún agbanisíṣẹ́ láàyè láti yọ ìpín yìí kúrò nínú owó oṣù kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Ní ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì, ilẹ̀kùn náà tì. Ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni wọ́n ti ń yọ ìpín ti àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú owó-orí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì kò sí nínú ètò yìí. Ènìyàn kan náà ni, ìwé adójútòfò kan náà ni, iye kan náà sì ni. Ní oṣù tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó tí ìjọba kì í fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀ di èyí tí ó ti gba tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn kan wà tí òfin ṣíjú àánú wò. Ní ọdún 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbà kí àwọn ọlọ́pàá, àwọn panápaná àti àwọn mìíràn tí ó ṣe irú iṣẹ́ ààbò bẹ́ẹ̀ fún ìjọba lè yọ tó 3,000 dọ́là lọ́dún kúrò nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn láìsan owó-orí lé e lórí, bí wọ́n bá fi san owó adójútòfò ìlera. Ní ìbẹ̀rẹ̀, dandan ni kí ilé owó ìfẹ̀yìntì fi owó náà ránṣẹ́ tààrà sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Òfin ọdún 2022 mú ìdè yìí kúrò. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọlọ́pàá kò yẹ lẹ́ni à ń ṣe lóore. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fa ekuru ṣọ́ọ̀kì símú fún ọdún márùndínlógójì, àti nọ́ọ̀sì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí gbígbé aláìsàn, lè béèrè pé kí ni àwọn ṣe. Ọ̀nà tí ó kù fún wọn ni kí wọ́n ka ìnáwó ìlera wọn jọ nínú ìwé owó-orí. Kìkì èyí tí ó bá kọjá 7.5 nínú 100 owó tí ó wọlé fún wọn ni òfin yóò sì yọ, wọ́n sì ní láti kọ ìdásílẹ̀ gbogbogbòò tí gbogbo ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí kí wọ́n tó lè jàǹfààní yìí. Ọ̀pọ̀ ni kò ní rí i pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀gá ńláńlá, láti ọdún 1978 ni òfin ti sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá ń fi owó ara rẹ̀ san owó ìlera láìlo ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú fún àwọn tí owó wọn pọ̀ jù. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá náà yóò san owó-orí lórí àlékún tí wọ́n jẹ.

Ọ̀tọ̀ ni kí owó máà ní owó-orí nínú, ọ̀tọ̀ ni kí ó dájú pé yóò máa wá. Òfin tí ó yọ owó ìlera sílẹ̀ kò fi dandan mú agbanisíṣẹ́ láti máa san án. Ní oṣù keje ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ irin kan tí ń jẹ́ LTV sá lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè, ó sì dá owó ìlera àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì dúró. Wọ́n ju 70,000 lọ. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin ní ọdún 1988 pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá wà lábẹ́ irú ààbò ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dá ṣe irú nǹkan yẹn mọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àwọn aṣojú arúgbó sọ ọ́, tàbí kí ó gba àṣẹ adájọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, àwọn tí ó ń ṣe ìlànà ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ tún gbé ìlànà jáde pé kí ilé-iṣẹ́ máa kọ gbèsè ìlera àwọn tí yóò fẹ̀yìn tì lọ́la sínú ìwé láti òní lọ. Ní ọdún 1992, General Motors kọ ohun tí ó ju 20 bílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ nítorí ìlànà yìí nìkan. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ayé ń wò, àwọn ilé-iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ní ọdún 1988, nínú gbogbo 100 ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń ṣètò ìlera fún òṣìṣẹ́, bí 66 ni ó ń ṣe é fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọdún 2020, wọn kò tó 30 mọ́.

Ìjọba ti gbìyànjú láti mú kí wọ́n máa tọ́jú owó náà pamọ́ ṣáájú. Láti ọdún 1962 ni òfin ti gba kí ilé-iṣẹ́ ní àpò ìlera kékeré nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Irú àpò mìíràn, tí wọ́n ń pè ní VEBA, ti wà ṣáájú ìyẹn, ṣùgbọ́n ní ọdún 1984 òfin dín iye tí agbanisíṣẹ́ lè kó sínú rẹ̀ kí ó sì rí ìdásílẹ̀ owó-orí gbà kù, àfi èyí tí ó bá ti inú àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jáde. Àfi yìí ni ó ṣe é ṣe, ní ọdún 2007, fún General Motors, Ford àti Chrysler láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ṣe àdéhùn pé kí àpò ńlá kan gba ẹrù ìlera àwọn arúgbó lórí wọn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2010 ni àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Bí owó àpò bá tán, àwọn ilé-iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n bi àwọn mọ́. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, nínú ẹjọ́ M&G Polymers àti Tackett, sọ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ máa méfò pé àdéhùn ìlera wà títí ọjọ́ ikú bí ìwé àdéhùn kò bá sọ bẹ́ẹ̀; kí wọ́n ka ìwé náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka àdéhùn mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá kan tí ó sọ níbi àsè ìdágbére pé, "A ó máa tọ́jú yín títí," kò dúró níwájú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti àwọn tí ó fẹ́ padà wálé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbèrò àtifẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Medicare kì í sábà san owó ìtọ́jú tí a gbà ní òkèèrè, nítorí náà ètò agbanisíṣẹ́ àtijọ́ lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn láti òkè òkun. Ẹni tí ó bá ti di ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà ń gbé owó-orí rẹ̀ rìn ni; owó ìfẹ̀yìntì tí ó ń gbà ní Ìbàdàn ṣì jẹ́ owó tí ó wọlé lójú I.R.S. Ṣùgbọ́n bí ètò ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà láti dá owó ilé ìwòsàn Ìbàdàn padà fún un, jíjìnnà ibẹ̀ kò sọ owó náà di owó tí ó wọlé. Abala 105 kò béèrè ìlú tí dókítà wà. Ẹ̀rí ni ó ń béèrè. Nítorí náà, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀yìntì, ó yẹ kí ó wádìí bóyá ètò náà ń sanwó ilé ìwòsàn òkèèrè, bóyá ó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gba owó dípò ìtọ́jú, àti bóyá ilé-iṣẹ́ ní àṣẹ láti pa ètò náà rẹ́ nígbà tí ó bá wù ú. Bí ó bá sì ti dé ilé, kí ó máa gba rìsíìtì tí orúkọ aláìsàn, ọjọ́, irú ìtọ́jú àti iye owó wà nínú rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí ó bá lọ rí dókítà.